Kí Ẹ Tó Tọwọ́ Bọ̀wé Agbaṣẹ́ṣe Òkèèrè, Ẹ Mọ Ibi Tí Ẹ Ó Ti Rojọ́

Ìkìlọ̀ yìí kò ṣe é sún di ọ̀la. Bí ìwé àdéhùn iṣẹ́ kan bá wà nínú fóònù yín báyìí, tàbí nínú fóònù ọmọ yín, tó ti Nairobi, Accra tàbí ìlú òkèèrè mìíràn wá, tí wọ́n sì ní kí ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dúró. Ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán ná. Bí ẹ bá sì ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yín dúró níbẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo ní lọ́kàn jù, nítorí ọjọ́ ń lọ lórí ẹ̀tọ́ yín.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa n'Íbàdàn wá bá mi nílé. Oṣù márùn-ún ló fi ṣiṣẹ́ ní Accra fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń gba iṣẹ́ ṣe fún àwọn òyìnbó. Kó tó kúrò nílé, wọ́n ní iṣẹ́ dídá oníbàárà lóhùn ni. Nígbà tó débẹ̀, fídíò ló ń wò láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú: ibi tí wọ́n ti ń pa ènìyàn, ibi tí wọ́n ti ń fipá bá obìnrin lò, ibi tí wọ́n ti ń na ọmọdé bí ẹni na ẹran. Lọ́jọ́ tó ní òun fẹ́ rí dókítà, wọ́n ní kó lọ sinmi díẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n dá a dúró. Owó oṣù kan àbọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan tí mo mọ̀ ní Dùgbẹ̀. Lọ́yà tẹ́tí sí i dáadáa títí ó fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ìwé dà?"

Ọmọ náà yọ fóònù jáde. Ó tẹ ibi tí ímeèlì iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ojú fóònù yí, ó yí, ó ní ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ kò bá mu mọ́. Ó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìwé àdéhùn rẹ̀, ìwé owó oṣù rẹ̀, èsì tí ọ̀gá rẹ̀ fún un nígbà tó tọrọ ààyè láti rí dókítà, inú ímeèlì tí ilé-iṣẹ́ náà fún un ni gbogbo rẹ̀ wà, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró ni wọ́n sì ti tì í pa. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni káàdì ìdánimọ̀ tó máa ń fi okùn búlúù kọ́ ọrùn. Ó gbé e lé orí tábìlì. Lọ́yà wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bú sẹ́kún níwájú wa bí ọmọ ọwọ́.

Ẹkún ọjọ́ náà ló jẹ́ kí n máa kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká tú iṣẹ́ náà palẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbà yín kọ́ ló ni iṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe ni. Oníṣẹ́ gan-an wà ní Amẹ́ríkà tàbí ní Yúróòpù. Ó ń wá ẹni tí yóò máa dá oníbàárà rẹ̀ lóhùn lórí fóònù, ẹni tí yóò máa sọ ohun tó wà nínú àwòrán kí kọ̀ǹpútà lè fi kọ́ ọgbọ́n, ẹni tí yóò máa yọ fídíò burúkú kúrò kí ará ìta tó rí i. Owó tí yóò san fún ọmọ ìlú rẹ̀ pọ̀ lójú rẹ̀, ló bá gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe sì wá ọ̀dọ́ Áfíríkà tó gbọ́ Òyìnbó, Hausa, Amharic tàbí Swahili. Kò sí ohun tó burú nínú kí iṣẹ́ ti òkè òkun wá bá wa. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi i jẹun. Ohun tó burú ni pé bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, agbaṣẹ́ṣe á ní oníṣẹ́ ló pàṣẹ, oníṣẹ́ á ní òun kò gba ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ rí. Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ á já bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, kò ní í rí ẹni tí yóò he é.

Ẹjọ́ kan wà ní Nairobi tó yẹ kí gbogbo ilé tó ní ọ̀dọ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Daniel Motaung, ọmọ South Africa, dé ìlú náà ní 2019 láti ṣiṣẹ́ fún Sama, agbaṣẹ́ṣe kan tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní San Francisco, tó ń bá Facebook yẹ fídíò àti ọ̀rọ̀ wò. Fídíò àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń bẹ́ orí ènìyàn ni. Nǹkan bíi dọ́là 2.20 ni owó wákàtí kan rẹ̀. Ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n lé ní 100, kí wọ́n lè jọ béèrè owó tó tọ́ àti ìtọ́jú. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ní Oṣù Kejì 2022, ìwé ìròyìn TIME gbé ọ̀rọ̀ náà síta fún gbogbo ayé; nígbà tó di Oṣù Karùn-ún, Motaung pe Sama àti Meta tó ni Facebook lẹ́jọ́ pa pọ̀, ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Nairobi. Lọ́yà obìnrin kan, ọmọ Kenya, Mercy Mutemi, ló gbé ẹjọ́ náà, ẹgbẹ́ Foxglove láti London sì dúró tì í.

Ẹ gbọ́ ohun tí Meta kọ́kọ́ fi fèsì. Wọn kò tilẹ̀ jiyàn lórí bóyá wọ́n fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni àwọn, àwọn kì í gbé Kenya, àwọn kì í ṣòwò ní Kenya, nítorí náà adájọ́ Kenya kò láṣẹ lórí àwọn. Ní ọjọ́ 6 Oṣù Kejì 2023, Adájọ́ Jacob Gakeri ní kò rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dúró gbọ́ ẹjọ́ wọn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Kí ẹjọ́ àkọ́kọ́ tó tutù, èkejì dé. Ní Oṣù Kìíní 2023, Sama kéde pé òun kò ṣe iṣẹ́ fídíò mọ́, nǹkan bí òṣìṣẹ́ 260 ni iṣẹ́ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Majorel, agbaṣẹ́ṣe mìíràn láti Luxembourg. Ní Oṣù Kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ tó wá di 184 gba ilé ẹjọ́ lọ. Wọ́n ní ìdádúró náà kò bá òfin mu, wọ́n sì ní Majorel kò fẹ́ gba ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní Sama rí. Nínú wọn ni ọmọ Kenya, Ethiopia, Uganda, South Africa wà, ọmọ Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹfà 2023, Adájọ́ Byram Ongaya sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe há sórí: Meta tó ni iṣẹ́, tó ni ojú òpó tí wọ́n ti ń ṣe é, òun ni agbanisíṣẹ́ gan-an. Ó ní kí wọ́n pèsè dókítà ara àti dókítà ọpọlọ fún àwọn òṣìṣẹ́ náà. Wọ́n gbìyànjú láti parí ọ̀rọ̀ náà ní ìtùbí ìnùbí lẹ́yìn kóòtù. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ìlàjà náà fọ́.

Ọjọ́ 20 Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Kenya tó dá a pé bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n lè pe Meta lẹ́jọ́ ní Kenya. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Láti Oṣù Karùn-ún 2022 sí Oṣù Kẹsàn-án 2024, ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin gbáko, ẹnu ọ̀nà kóòtù ni wọ́n ṣì wà. Ohun tí wọ́n fi gbogbo àkókò yẹn jà lé lórí ni ibi tí wọn yóò ti rojọ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìyà tó jẹ wọ́n. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kejìlá 2024, ìwé tí Dókítà Ian Kanyanya, olórí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní Kenyatta National Hospital, kọ dé iwájú ilé ẹjọ́: òṣìṣẹ́ tó lé ní 140 nínú wọn ló ní àrùn ọpọlọ tí ìran burúkú máa ń dá sí ènìyàn lára, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní PTSD. Oorun kò kùn wọ́n. Àwọn kan ń gbé ẹ̀rù kiri bí ẹni tó ti ogun dé.

Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni èyí. Ní 2020, Facebook kan náà gbà láti san mílíọ̀nù 52 dọ́là fún àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, àwọn náà sì rèé, ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbowó oṣù. Iṣẹ́ kan náà, fídíò kan náà, àìsàn kan náà. Àwọn ti Amẹ́ríkà gbowó. Àwọn ti Nairobi ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé fún adájọ́ pé ìlú àwọn náà ní kóòtù.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà inú wa yóò sọ. Wọ́n á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, mo sì gba òwe náà fún ọmọ ìyá méjì tó ń jà sí ilẹ̀ bàbá wọn, fún ayálégbé àti onílé tí wọn yóò tún jọ pàdé lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn òkun kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù. Kò mọ ilé yín, kò mọ orúkọ ìyá yín. Kò sí baálẹ̀ tí yóò ránṣẹ́ pè é, kò sí mọ́gàjí tí yóò bá a wí. Èmi gbà pé ìtìjú kóòtù tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà wà lára ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́ wa jẹ. Ẹni tó bá tijú láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ìtìjú ta ló ń tì?

Ní oṣù tó tẹ̀ lé ti ọmọ Accra yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé fóònù tirẹ̀ wá. Iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì la tàn sí pálọ̀. "Àǹtí mi, ẹ bá mi yọ̀, mo ti ríṣẹ́ ní Nairobi. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni wọ́n ní kí n dá ìwé wọn padà." Ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Mo bi í bóyá ó ti kà á. Ó ní òun ti ka ibi tí owó wà.

A jọ kà á látòkè délẹ̀, ó sì gbà wá dé ọ̀gànjọ́. Orúkọ iṣẹ́ tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ni ìrànlọ́wọ́ fún oníbàárà. Lójú ìwé kejìlá, wọ́n ní òṣìṣẹ́ yóò ṣe "iṣẹ́ mìíràn tí oníṣẹ́ bá fẹ́". Oníṣẹ́ wo? Kò sí orúkọ rẹ̀ níbì kankan nínú gbogbo ìwé náà. Lójú ìwé kejìlélógún, wọ́n ní bí ìjà bá dé, onílàjà kan ní ìlú kan ní Yúróòpù ni yóò parí rẹ̀, oníkálukú ni yóò sì san owó ọkọ̀ ara rẹ̀ débẹ̀. Ọmọ tí kò tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí! Lójú ìwé kẹtàdínlọ́gbọ̀n, bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé ọdún kan, yóò dá owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó ilé àti owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ padà. Gbèsè ni wọ́n ń pè é sí, wọ́n wá fi owó oṣù bo ojú rẹ̀.

Mo ní kó bi éjẹ́ǹtì náà ní ìbéèrè mẹ́ta péré lórí WhatsApp. Ta ni oníṣẹ́ gan-an? Kí ni n ó máa wò lójú kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́? Bí iṣẹ́ náà bá pa mí lára, ta ni yóò sanwó dókítà? Wákàtí kan kọjá. Èsì tó wá ni pé ààyè náà yóò tì ní agogo márùn-ún. Ó tún bi wọ́n. Wọ́n ní ẹlòmíràn ń dúró de ààyè náà. Kò tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó sunkún, ó bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì fara mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn kí omi tíì tó hó.

Nítorí náà, ibi tí owó wà kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òfin ìlú báyìí ló de àdéhùn yìí, ibẹ̀ sábà máa ń wà lápá ìparí. Ẹ wá orúkọ oníṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá òṣìṣẹ́ ni wọ́n pè yín tàbí ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, pàápàá ẹ̀yin tó ń jókòó sílé ní Lékkì, Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọgbọ́n ni wọ́n ń fi orúkọ kejì yẹn dá, torí ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe kò ní owó ìsinmi, kò ní owó ìdádúró. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kọ́ ni ilé ẹjọ́ ń wò. Nínú ẹjọ́ Shena Security àti Afropak ní 2008, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ ohun tí wọ́n ń wò: ṣé owó oṣù ni wọ́n ń san àbí owó iṣẹ́, ta ló ń pèsè irinṣẹ́, ṣé ẹ lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn bá yín ṣe, ta ló ń yan wákàtí àti ibi tí ẹ ó ti ṣe é. Bí wọ́n bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ ìgbà tí ẹ dìde láti lọ tọ̀, tí wọ́n wá ní ọ̀gá ara yín ni yín, ọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba, lọ́yà tó mọṣẹ́ yóò sì rí i. Ilé ẹjọ́ National Industrial Court ni òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà fún láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Bí agbaṣẹ́ṣe náà bá ní ọ́fíìsì ní Nàìjíríà, tàbí tó bá jẹ́ pé ibí yìí ni ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òkè òkun nìkan lẹ ti lè rojọ́ kí lọ́yà tó wo ìwé yín.

Ẹ̀yin tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yín ló ká mi lára jù. Ìwé àdéhùn yín, ìwé owó oṣù, ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n bá fún yín, èsì tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ ṣàìsàn, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ṣiṣẹ́: ti yín ni gbogbo ìyẹn, ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbi tí ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe kò lè dé. Mo fẹ́ kí èyí yé yín dáadáa o. Ìwé ti ara yín ni mo ní kí ẹ tọ́jú. Ẹ má da fídíò oníbàárà tàbí àṣírí oníṣẹ́ sínú fóònù yín, ìyẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbá mú láti fi bà yín lórúkọ jẹ́ níwájú adájọ́. Bí ẹ bá ń ṣàìsàn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn gidi, kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọjọ́ sì wà lórí rẹ̀. Ìwé àṣírí tí wọ́n ní kí ẹ tọwọ́ bọ̀ kò ní kí ẹ má sọ ohun tó ń ṣe yín fún dókítà, kò sì gba ẹ̀tọ́ kóòtù lọ́wọ́ yín, bó ti wù kí ọ̀gá máa fi halẹ̀ tó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dá yín dúró, wọn yóò gbé ìwé kan wá pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì: ẹ gba owó báyìí, ẹ kò ní ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú wa mọ́ títí ayé. Ìwé yẹn ni mò ń bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn. Ebi ń pa ènìyàn lọ́jọ́ yẹn, owó ilé ti tó san, físà ń lọ sópin, biro sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi han lọ́yà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ̀.

Ẹ má sì dá nìkan lọ. Motaung dá nìkan pe ẹjọ́ àkọ́kọ́, ó sì rí i; nígbà tí wọ́n di 184 ni ohùn wọn tó tó gbọ́. Ní ọjọ́ 1 Oṣù Karùn-ún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 150 péjọ sí Nairobi, wọ́n dìbò láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ fídíò ní Áfíríkà. Kauna Malgwi, ọmọ Nàìjíríà tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí ní Nairobi, wá di aṣáájú ẹ̀ka Nàìjíríà. Ní 2024, TIME kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn 100 tó ní ipa jù lórí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kọ̀ǹpútà. Ẹ wá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́.

Kí ló dé tí mo ní kò ṣe é sún di ọ̀la? Òfin iṣẹ́ Kenya ti 2007 fún òṣìṣẹ́ ní ọdún mẹ́ta láti pe ẹjọ́. Bó bá jẹ́ ìpalára tó ń bá a lọ, ọdún kan péré lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá sinmi ọdún kan, tó sọ pé kí ara òun yá ná, lè dé kóòtù kó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ilẹ̀kùn náà gan-an, àwọn kan tún fẹ́ sé e mọ́ ogiri. Ní Oṣù Kejìlá 2024, Ààrẹ William Ruto sọ fún àwọn tó ń fi irú iṣẹ́ yìí ṣòwò pé ìjọba òun ti yí òfin padà kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n lẹ́jọ́ mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni àbá òfin kan lórí rẹ̀ wà ní ilé aṣòfin. Iṣẹ́ náà pàápàá ń ṣí kiri. Teleperformance, ilé-iṣẹ́ Faransé, ti ra Majorel ní 2023. Ní Oṣù Kẹrin 2025, ìwé ìròyìn The Guardian ti London jẹ́ kó di mímọ̀ pé iṣẹ́ fídíò Meta ti dé Accra lábẹ́ Majorel yìí kan náà, pé owó ìpìlẹ̀ oṣù kan fún àwọn kan níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1,300 cedi, àti pé àwọn lọ́yà ti ń múra ẹjọ́ tuntun sílẹ̀. Teleperformance sẹ́, wọ́n ní owó àwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ní àwọn ń tọ́jú òṣìṣẹ́. Accra kò jìnnà sí wa. Ọmọ Èkó lè jáde láàárọ̀, kó gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu àti Lomé, kó sùn ní Accra lálẹ́, láìsí físà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ní abala 23, kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó òṣìṣẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nílé tàbí lókèèrè láìní ìwé àṣẹ ìjọba. Bí éjẹ́ǹtì bá gba pásípọ́ọ̀tù ọmọ yín tó ní òun ń bá a tọ́jú rẹ̀, tàbí tó pa irọ́ irú iṣẹ́ tí yóò lọ ṣe fún un, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan, ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òwò ẹrú, lórí 627. Ẹni tí kò bá ní owó lọ́yà, Legal Aid Council wà káàkiri orílẹ̀-èdè, ọ́fíìsì Public Defender sì wà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Wọ́n lè má lè gba gbogbo ẹjọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á sọ ibi tó yẹ kí ẹ gbà.

Ọmọ Accra yẹn kò tíì rí owó rẹ̀ gbà. Lọ́yà ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ti gbà láti jẹ́rìí sí i, a ṣì ń wá ìwé. Ẹ̀yin tí ímeèlì yín ṣì ń ṣí lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọn yóò tì í. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ya àwòrán gbogbo ojú ìwé àdéhùn yín, ẹ fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ti ara yín, kí ẹ sì fún ẹnì kan nílé ní ẹ̀dà rẹ̀.